Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ṣé GMO Ti Wọ Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Ìkòròdú?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé ọgbà wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan kan náà ni wọ́n ń béèrè, GMO, ìyẹn irúgbìn tí àwọn onímọ̀ ti yí àbùdá ẹ̀ padà ní yàrá ìwádìí. Ó jọ pé ohun táwọn èèyàn ń gbọ́ ní rédíò àti èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp ti dẹ́rù bà wọ́n, ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé láti Òwútù pé òun ti ń múra láti hú gbogbo ata òun dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú nǹkan kan o. Mo mú lẹ́tà mẹ́rin jáde, ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìgbógbó ni mo wá fi ṣe ọgbà. Mo gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, rodo àti tòmátì, mo sì máa ń gbin ẹ̀wà àti àgbàdo díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní gbogbo irúgbìn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ló ti di GMO, pé èyí tó bá ti wà nínú agolo tó ní àwòrán òyìnbó lára, ká má fọwọ́ kàn án. Mi ò fẹ́ GMO nínú ọgbà mi rárá. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀, kí sì ni kí n ṣe tí kò fi ní wọlé? – Bàbá kan ní Ìgbógbó

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ẹ ó jẹ èrè ẹ̀ pẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú fídíò yẹn. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn irúgbìn GMO tó ti gba ìwé àṣẹ ìjọba tó sì ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ ò pọ̀, òwú ni, ẹ̀wà ni, àgbàdo ni. Òwú ló ṣáájú, ọdún 2018 ni wọ́n forúkọ oríṣi méjì sílẹ̀. Ẹ̀wà ló tẹ̀ lé e, SAMPEA 20-T lorúkọ ẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Institute for Agricultural Research tó wà ní Zaria ló ṣe é pẹ̀lú AATF, àjọ tó ń mú ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá fáwọn àgbẹ̀ Áfíríkà, ó gba ìwé ní 2019, ó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 2021. Àgbàdo ló dé kẹ́yìn, TELA ni wọ́n ń pè é, oríṣi mẹ́rin ni, SAMMAZ 72T, 73T, 74T àti 75T, ìyẹn jáde ní 2024. Àjọ tó ń yẹ̀ wọ́n wò kó tó fún wọn níwèé ni NBMA, òfin ọdún 2015 ló dá àjọ náà sílẹ̀.

Ẹ wá bá mi wò ó, níbo ni ewédú wà nínú gbogbo ohun tí mo kà yẹn? Níbo ni tẹ̀tẹ̀ wà? Kò sí ilá níbẹ̀, kò sí rodo, kò sí tòmátì, kò sí ṣọkọ. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ọgbà yín ló ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀wà àti àgbàdo ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn nìkan ló kù tá a máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni F1 tí wọ́n máa ń kọ sára agolo àti ọ̀rá irúgbìn. F1 kì í ṣe GMO o, haibríìdì ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó tòmátì kan, wọ́n fi kan òdòdó tòmátì mìíràn, ohun tí oyin náà ń ṣe lóko lójoojúmọ́ ni, àwọn kàn yan bàbá yan ìyá fún un ni. Bàrà tí kò ní kóró nínú náà, haibríìdì ni, kì í ṣe GMO. Àwòrán òyìnbó tó wà lára agolo ò sì túmọ̀ sí nǹkan kan, ilá Clemson Spineless tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà yẹn, Amẹ́ríkà ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ láti 1939 ni wọ́n ti ń gbìn ín, nígbà tó sì jẹ́ pé 1994 ni tòmátì GMO àkọ́kọ́ tó dé ọjà jáde ní Amẹ́ríkà, Flavr Savr lorúkọ ẹ̀, kò pẹ́ tó fi kúrò lọ́jà. Ẹ lè gbin Clemson yín, ẹ lè mú irúgbìn lára ẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí F1 ti ń dùn mí ni pé kóró tẹ́ ẹ bá mú lára ẹ̀ kì í jọ ìyá ẹ̀. Ẹ máa gbìn ín, ìdí kan á so ńlá, ìdí kejì á so wẹ́ẹ́wẹ́, ìkẹta ò ní so dáadáa, ẹ wá di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù títí ayé. Tó bá jẹ́ pé kẹ́ ẹ lè máa mú irúgbìn yín fúnra yín lẹ fẹ́, ẹ má ra F1, ẹ béèrè èyí tí kì í ṣe haibríìdì lọ́wọ́ wọn, Roma VF wà nínú tòmátì, òun ṣeé tọ́jú.

Ó wá ku ẹ̀wà. Bàbá, níbo lẹ ti rí ẹ̀wà tẹ́ ẹ gbìn? Mo béèrè torí mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, a máa lọ ra olóyin tàbí drum ní ọjà Sábó, a máa sè lára ẹ̀, a máa gbin ìyókù. Ẹ̀wà yẹn, láti òkè Ọya ló ti wá, ó gba Mile 12 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oko àgbẹ̀ oríṣiríṣi ló ti pàdé nínú àpò kan, àgbẹ̀ òkè Ọya sì ni wọ́n gbé SAMPEA 20-T jáde fún. Ìyá tó ń tà á ò lè mọ̀, èmi náà ò lè mọ̀, kò sí àwọ̀ tàbí ìtóbi tójú fi lè yà á sọ́tọ̀, àfi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò. Fún ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, ojúlé kan tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀wà jíjẹ tí a ń sọ di irúgbìn. Àgbàdo tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ adìyẹ náà ńkọ́? Ìjọba ti fún àwọn kan níwèé láti kó àgbàdo àti sóyà GMO wọlé láti òkè òkun fún oúnjẹ àti oúnjẹ ẹran, torí náà ẹ má mú àgbàdo adìyẹ gbìn.

Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù irúgbìn lẹ ti ń rà á, ẹ ka orúkọ tó wà lára àpò, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà T tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà. SAMMAZ tàbí SAMPEA tó bá ti ní T lẹ́yìn, òun ni. Èyí tí kò ní T, bíi SAMMAZ 15 tàbí SAMPEA 11, kì í ṣe é. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti tú sínú ọ̀rá lásán tí kò ní orúkọ, ẹni tó ń tà á ò mọ nǹkan tó ń tà.

Mo máa wá sọ tinú mi báyìí. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹni tó bá jẹ GMO máa kú tàbí pé ó máa ní àrùn jẹjẹrẹ, torí kì í ṣe òótọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó wà lọ́jà àgbáyé ti kọjá àyẹ̀wò, wọn ò sì rí i pé ó ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan. Àwọn tó ṣe SAMPEA yẹn náà ní ìdí, kòkòrò kan wà tó ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà, Maruca ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó lè jẹ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àgbẹ̀ gbìn, àgbẹ̀ á wá máa fọ́n kẹ́míkà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín sáà kan. Kẹ́míkà yẹn, mo ti rí ohun tó ń ṣe sí ojú àti awọ ara èèyàn, mi ò lè sọ pé kò yẹ kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ ọgbà yín, tiyín ni, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ ò fẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi yín ṣẹ̀sín lórí ẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ju GMO lọ ni pé irúgbìn tiwa ń lọ. Odù, ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ́rọ̀wọ́, ilá gígùn tí àwọn ìyá wa ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ wọ àdúgbò tuntun láti Agric títí dé Ìjẹ̀dẹ́ kẹ́ ẹ máa béèrè ẹni tó ní i, ẹ máa rìn kó tó rẹ̀ yín. Wọn ò kú nítorí pé ẹnì kan fi GMO pa wọ́n, a ò tọ́jú kóró wọn ni, a ní a máa ra òmíràn.

Torí náà bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ ní. Ewédú, ẹ fi ìdí méjì mẹ́ta tó lágbára jù sílẹ̀, ẹ má já ewé ẹ̀ mọ́, kó so, kí èso ẹ̀ gbẹ pákápáká lórí igi, kẹ́ ẹ tó já a. Ọdún tó bá yá tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ di kóró ẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ tètè yọ ọ́, á hù dáadáa, tẹ́ ẹ bá gbìn ín lásán ó máa ń lọ́ra. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, orí ẹ̀ lẹ máa gé tó bá ti gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun. Tòmátì, ẹ fún kóró àti omi ẹ̀ sínú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó kan, ẹ wá fọ̀ ọ́, ohun tó ń yọ̀ lára kóró yẹn á ti kúrò. Rodo, èyí tó pọ́n dénú ni, ẹ sá a síbi ìbòòji, ẹ má sá a sí oòrùn gangan. Ilá, oyin máa ń gbé ti aládùúgbò wá bá a, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró bó ṣe wà, òdòdó tó bá máa là lọ́jọ́ kejì ẹ fi òwú so ẹnu ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní lè là fún oyin, á gbà fúnra ẹ̀, ẹ wá so nǹkan mọ́ ọrùn ẹ̀ kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀.

Ẹ̀wà rọrùn jù lọ nínú gbogbo wọn. Òdòdó ẹ̀wà máa ń gba ara ẹ̀ kó tó là, bí aládùúgbò bá tiẹ̀ gbin SAMPEA 20-T sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, díẹ̀ báyìí ló lè dà pọ̀ mọ́ tiyín, ẹ ṣáà jẹ́ kí ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ rí irúgbìn tó dá yín lójú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní abúlé tí wọ́n ti ń gbin ti wọn látọjọ́ pípẹ́, lọ́nà Àgbọ̀wá àti Ẹ̀pẹ́. Ìbàdàn tí ọmọ yín wà yẹn náà, ibẹ̀ ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, wà, wọ́n ní oríṣi ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ ní ìpamọ́, NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀, wà ní Moor Plantation, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba fún ẹ̀fọ́ àti èso, náà wà ní Ìbàdàn. Ẹ rán an kó lọ béèrè fún yín, dípò kó máa fi fídíò ránṣẹ́.

Kóró tó bá ti gbẹ, inú ìgò tó ní ìdérí tó le lẹ máa rọ ọ́ sí, ẹ da eérú tí iná ti kúrò nínú ẹ̀ tó sì gbẹ dáadáa mọ́ ọn nítorí kòkòrò, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Ùgwú nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, kóró ẹ̀ kì í fẹ́ gbígbẹ, tó bá ti gbẹ ó ti kú, inú èso ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí títí dìgbà tẹ́ ẹ máa gbìn ín.

Màmá mi, ẹ kú ojúmọ́. Bùrọ̀dá mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi irúgbìn tòmátì kan ránṣẹ́ sí mi, aláwọ̀ àlùkò ni, ó ní ó dáa fún ara gan-an. Mo ń ṣe ọgbà sínú rọ́bà péǹtì lórí báńkónì wa ní Sábó. Ṣé kí n gbà á? – Ọmọbìnrin aránṣọ

Ọmọ mi, ó dáa bó o ṣe béèrè kó o tó gbà á. Ní kí bùrọ̀dá ẹ ya àwòrán páálí irúgbìn náà wá ná, torí oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èèpo ẹ̀ nìkan ló jẹ́ àlùkò, tó o bá là á, inú ẹ̀ pupa, irú bí Indigo Rose tí Oregon State University mú jáde, tòmátì ilé àti tòmátì inú igbó ni wọ́n fi gba ara wọn, kì í ṣe GMO. Èkejì, inú àti òde ẹ̀ ló jẹ́ àlùkò, omi ẹ̀ pàápàá àlùkò ni, ilé iṣẹ́ Norfolk ló ń tà á, àbùdá tí wọ́n mú lára òdòdó kan tó ń jẹ́ snapdragon ni wọ́n fi sínú ẹ̀. Ìyẹn ni GMO. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2022, láti 2024 ni wọ́n sì ti ń ta kóró ẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọgbà nílé, ohun tí wọn kì í sábà ṣe tẹ́lẹ̀ torí àgbẹ̀ ńlá ni wọ́n máa ń ta GMO fún.

Níbí, wọn ò tíì fún un níwèé. Tó o bá gbìn ín, o ti rú òfin NBMA nìyẹn. Irúgbìn yòówù kó jẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú wọlé láti ìta, GMO tàbí èyí tí kì í ṣe GMO, ó ní ìwé tó gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn NAQS wá, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè, torí àrùn ewéko máa ń bá kóró wọ̀lú. Sọ fún bùrọ̀dá pé o dúpẹ́, kó fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ dípò. Tó bá jẹ́ pé ó ti dé ọwọ́ ẹ, má dà á sí ààtàn, sun ún níná.

Ẹ kú iṣẹ́ o Màmá. Àgbàdo funfun kan wà tí ìyá ọkọ mi fún mi láti Ìjẹ̀bú, òun ni mo fi ń ṣe ògì tà, kò sí irú ẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi wá gbin àgbàdo TELA, ó fi àpò ẹ̀ hàn mí, mo rí T yẹn. Ọkọ mi ní ká mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Ṣé atẹ́gùn ò ní gbé tiẹ̀ wá ba tèmi jẹ́? – Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀dẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, ohun tó gbìn ní ìwé, ilẹ̀ ẹ̀ ló sì gbìn ín sí. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, torí àgbàdo ò dà bí ẹ̀wà rárá. Lẹ́búlẹ́bú orí ìrùkẹ̀rẹ̀ ẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbé e, ẹyọ irun àgbàdo kọ̀ọ̀kan ló sì ní hóró tiẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sórí irun yẹn ló máa bí hóró náà. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn tà máa ń fi tó 200 mítà sáàárín oríṣi méjì. Ta ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ́?

Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa gbìn. Tó bá gbin tiẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbin tiyín, nígbà tí tiyín bá máa yọ irun, ìrùkẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ á ti gbẹ. Tàbí kẹ́ ẹ fi èyí tẹ́ ẹ máa fi ṣe irúgbìn sí àrọ̀kúrò tó bá jẹ́ pé òun kì í gbin àgbàdo nígbà yẹn. Ẹ rántí pé èyí tẹ́ ẹ máa lọ̀ ṣe ògì, kò sí wàhálà lórí ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tún gbìn nìkan la ń ṣọ́.

Tí àkókò ò bá ṣeé yà sọ́tọ̀, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é. Kí ọmọ àgbàdo tó yọ irun rárá, ẹ fi àpò bébà bò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ẹ so ó mọ́ igi ẹ̀. Tí irun bá ti yọ nínú bébà, ẹ fi bébà mìíràn bo ìrùkẹ̀rẹ̀ àwọn ìdí bíi mélòó kan nírọ̀lẹ́, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìrì bá ti gbẹ ẹ gbọ̀n wọ́n sínú bébà yẹn, ẹ da lẹ́búlẹ́bú náà pọ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí irun kíákíá, ẹ dà á lé e, ẹ dá bébà padà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ má ṣe é fún ìdí méjì mẹ́ta péré o, àgbàdo tó bá ń gba ara ẹ̀ nìkan máa ń rẹlẹ̀ lọ́dọọdún, bó bá ṣe pọ̀ tó ló dáa tó, ẹ pín irúgbìn náà fún ìyá ọkọ yín àti ẹlòmíì kí gbogbo ẹ̀ má baà wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Tó bá jẹ́ àgbàdo pupa ni aládùúgbò gbìn, ẹ máa rí i fúnra yín, hóró pupa á ti fọ́n ká inú ọmọ àgbàdo funfun yín, ẹ ṣa ìyẹn kúrò. Tó bá funfun bíi tiyín, ojú ò lè rí i, bébà yẹn nìkan lẹ gbára lé.

Màmá, àgbàdo irúgbìn tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, pupa rẹ́súrẹ́sú ló rí bíi súwíìtì, ṣé GMO nìyẹn? Ó ṣẹ́ kù, ṣé kí n fọ̀ ọ́ kí n sè é? – Láti Òwútù

Rárá o, má sè é! Àwọ̀ yẹn kì í ṣe GMO, kẹ́míkà ni wọ́n fi pa á lára kí kòkòrò àti àrùn inú ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ kó tó hù, wọ́n wá fi àwọ̀ sí i kí èèyàn lè mọ̀ pé májèlé ni. Fífọ̀ ò lè mú un kúrò. Má fún adìyẹ jẹ, má dà á síbi tí ẹyẹlé tàbí ewúrẹ́ ti lè rí i, kí ìwọ náà sì fi ọṣẹ fọwọ́ tó o bá ti gbìn ín tán. Èyí tó ṣẹ́ kù, dè é padà sínú àpò ẹ̀, gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó títí dìgbà àrọ̀kúrò.